Bí mo ṣe fi PsyToolkit wọn àríyànjiyàn àmì ohùn l'Abẹ́òkúta

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kọ́ ọmọ ní Yorùbá títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i, ńṣe ló ń dá òǹkàwé dúró lọ́nà. Èmi ní irọ́ ni, ojú gbogbo wa ti mọ́ ọn lára lórí WhatsApp. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ìrẹsì ọ̀fadà fi tutù níwájú wa nílé wọn n'Ítòkú. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.

PsyToolkit ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú ìdánwò báyìí. Gijsbert Stoet ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́, mílísẹ́kọ́ńdì ló sì fi ń ka àkókò. Kóòdù rẹ̀ kúrú. Àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù. Ẹ mú pépà, kí ẹ fa tábìlì yín sórí rẹ̀ ná, ìyẹn àtẹ tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń sọ fọ́tò, ọ̀rọ̀ àti ìdáhùn tó tọ́. Bí tábìlì bá wọ́, kò sí àṣẹ tó lè tún un ṣe.

Tèmi wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Mo ṣa ọ̀rọ̀ tí àmì nìkan yà sọ́tọ̀, tó sì ṣeé yà ní fọ́tò: ọ̀bẹ àti ọbẹ̀, ìlù àti ìlú, ọkọ́ àti ọkọ̀, ọwọ́ àti ọwọ̀ tí à ń fi gbálẹ̀. Fọ́tò á kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ tẹ A. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ tẹ L. Mo wá fi fọ́tò ọbẹ̀ ewédú ṣáájú “ọbẹ” tí kò lámì, mo sì kọ ọ́ pé wọn ò bára mu, torí ọ̀bẹ ló wà lọ́kàn tèmi. Bàbá Kékeré tẹ A. Kọ̀ǹpútà ní wọ́n ṣì í. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn: “Ta ló ṣì í, èmi àbí ìwọ?”

Èmi ni. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì bá fọ́tò méjèèjì mu. Nítorí náà, fọ́tò tí kò bá ọ̀rọ̀ mu gbọ́dọ̀ wá láti inú ìsọ̀rí mìíràn, bíi ìlù níwájú “ọbẹ”. Fọ́tò kan náà ni kó sì ṣáájú ọ̀rọ̀ alámì àti aláìlámì, kó má baà jẹ́ pé fọ́tò lẹ ń wọ̀n. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ, ìkọ̀wé méjì, ìdáhùn méjì: ìlà 32.

Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kóòdù. Lẹ́tà kọ̀ǹpútà mìíràn a máa gbé àmì sápá kan, àmì ìsàlẹ̀ á sì sọnù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di àwòrán PNG, kí gbogbo wọn tóbi bákan náà. Orúkọ fáìlì ò gbọdọ̀ ní àmì tàbí àlàfo. Ibẹ̀ ni mo ti pe ọ̀bẹ àti ọbẹ̀ ní obe.png, tí èkejì fi jẹ èkíní mọ́lẹ̀. Mi ò jẹ́ kí Bàbá Kékeré gbọ́. Mo sọ ọ̀kan di obe1, èkejì di obe2.

Ó wá kan kóòdù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwòrán, pẹ̀lú alaye tó jẹ́ ojú ìwé ìtọ́sọ́nà, sábẹ́ bitmaps. Nínú orúkọ wọn, foto ni fọ́tò, ami ni ọ̀rọ̀ alámì, lasan ni aláìlámì. Ìlà mẹ́rin péré nínú 32 nìyí:

table oro
  "ami" foto_obe1 ami_obe1 1
  "lasan" foto_obe1 lasan_obe 1
  "ami" foto_ilu1 ami_obe1 2
  "lasan" foto_ilu1 lasan_obe 2

task kika
  table oro
  keys a l
  show bitmap @2
  delay 1000
  clear 1
  show bitmap @3
  readkey @4 4000
  clear 2
  save BLOCKNAME @1 @2 @3 RT STATUS

block idanwo
  message alaye
  tasklist
    kika 32 all_before_repeat
  end

@2 ni òpó kejì nínú tábìlì. Òpó kẹrin ń sọ bọ́tìnnì tó tọ́: 1 ni A, 2 ni L. Ẹni tí kò bá tẹ nǹkan kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4, ó ti kọjá rẹ̀. Ẹ má gbàgbé all_before_repeat. Láìsí i, kọ̀ǹpútà lè yan ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má dé ibi tí òmíràn wà. Ẹ fi block ìgbáradì kékeré ṣáájú, pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ mìíràn bíi ajá àti ilé.

Nínú èsì, STATUS 1 ni ó gbà á, 2 ni ó ṣì í, 3 ni àkókò tán. Ìlà tó jẹ́ 1 nìkan ni kí ẹ fi wo RT, ìyẹn iye mílísẹ́kọ́ńdì tí ẹni náà fi dáhùn, kí ẹ wá fi “ami” wé “lasan” fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká má fi ọ̀lẹ wé ẹni tó yára.

Ẹ má fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù o. Kò sí A tàbí L tí wọ́n máa tẹ̀ níbẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù ni èmi ń gbé káàkiri ìsọ̀ àdìrẹ n'Ítòkú, lówùúrọ̀ tí oníbàárà ò tíì pọ̀, tí bátìrì sì ṣì kún. Bàbá Kékeré ló ń tẹ̀ lé mi, kí n má baà yí èsì po.