Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó mú ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ má kọ "gbogbo Àbámẹ́ta" sínú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aṣáájú abúlé láì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún máa ń yí: tó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta, á di Ọjọ́rú, á di Àìkú, á di Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ 28 á fi pé, tí á tún padà sí Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá tí a fẹ́ kọ́ ti jókòó ti igbá gàárì wọn lọ́jà. Ẹ bá ìyálọ́jà sàmì sí kàlẹ́ńdà kí ìwé ìpè tó jáde; ọjọ́ kejì ọjà ló dáa jù lójú tèmi. Àmọ́ ẹ béèrè ọjà abúlé ìtòsí náà, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń ná ju ọjà kan lọ.