Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìkànnì Òwò Kajú Wa ní Kabba, àti Bí Mo Ṣe Polówó Rẹ̀

Iṣẹ́ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ń ṣe ní Kabba ni pé a máa ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú àti Yàgbà, a ó sè é, a ó fọ́ ọ, a ó bó o, a ó yan án, a ó sì dì í sínú ọ̀rá fún títà. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, nítorí náà ọjà kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni kí ẹni tó ń wá kajú yíyan ní Abuja tàbí ní Èkó mọ̀ pé a wà níbí. Orí WhatsApp nìkan ni a ti ń tajà tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá ní nọ́ńbà wa á kọ̀wé sí wa, ẹni tí kò bá sì ní in kò lè rí wa. Èyí ló mú kí n gbé ìkànnì kalẹ̀ lórí ayélujára. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, pàápàá jù lọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni agbára ìkànnì kékeré wà.

Mo mú ìwé kan, mo padà sínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa àti àwọn oníbàárà ti jọ sọ lórí WhatsApp, mo sì ń da ìbéèrè wọn kọ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ gan-an, láìtún un ṣe. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni kílò kan?” “Ṣé ti ọdún yìí ni àbí ti èṣí?” “Mà, ṣé ẹ ní èyí tí kò ní iyọ̀? Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru.” “Báwo ló ṣe máa dé Gwagwalada?” “Ṣé ẹ ní nọ́ńbà NAFDAC?” “Ṣé W320 ni?” Nígbà tí mo kó wọn jọ, mo rí i pé wọ́n pín sí ọ̀wọ́ mélòó kan: iye owó, irú kajú tó wà, bí ẹrù ṣe ń dé ọwọ́ ẹni, bóyá ó dára fún ara, àti ibi tí a wà gan-an. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo sọ di ojú ìwé kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kò ní ojú ìwé tirẹ̀. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ìtàn ilé iṣẹ́ àti àfojúsùn rẹ̀ sí iwájú, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà kan tó bi wá léèrè àfojúsùn wa rí, nítorí náà gbólóhùn díẹ̀ ni mo kọ nípa ara wa, mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí àdírẹ́sì wà.

Ìbéèrè nípa W320 ni mo fẹ́ràn láti dáhùn jù, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó béèrè rẹ̀ mọ kajú. Lẹ́tà W dúró fún kajú funfun tó pé odindi. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye kóró tó máa ń wà nínú póùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454. Tí wọ́n bá pè é ní W320, kóró 300 sí 320 ló wà nínú póùn kan. Tó bá jẹ́ W240, kóró 220 sí 240 ti kún póùn kan, torí náà W240 ló tóbi jù. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà ṣe dára tó. Dípò kí n kọ àlàyé gígùn, mo to oríṣi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí àtẹ funfun kan, mo fi ọwọ́ àbúrò mi sí i kí èèyàn lè mọ bí kóró náà ṣe tóbi tó, mo ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí oòrùn àárọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí fọ́tò yẹn ti wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra kajú fún ayẹyẹ kì í tún béèrè ìyàtọ̀ mọ́. Wọ́n á kàn sọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Ọ̀rọ̀ iye owó gba ìrònú púpọ̀. Owó tí a fi ń ra kóró tútù kì í dúró sójú kan láti ìgbà tí kajú bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ní oṣù Kejì títí di ìgbà tí àsìkò rẹ̀ bá ń parí lọ, torí náà ọ̀pọ̀ àwa tó ń tà á ni kì í fẹ́ kọ iye sí gbangba. Èmi gbà pé kí èèyàn kọ “ẹ pè wá fún iye owó” ń lé oníbàárà sá. Mo kọ iye náà, mo sì kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá kà á mọ̀ pé ó ṣì lè yí padà. Mo tún kọ ìdí tí kajú fi wọ́n sábẹ́ rẹ̀: èèpo rẹ̀ ní epo kan tó máa ń jó ara, a kò sì lè fọ́ ọ láìkọ́kọ́ sè é tàbí yan án, lẹ́yìn náà ni a ó tún fi ọwọ́ bó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára kóró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ka èyí kì í sábà ná ọjà mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ra orúkọ ìkànnì, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó lè ṣí i. Mo yan èyí tó parí sí .com.ng, nítorí àwọn tó ń ra ọjà wa wà ní Nàìjíríà. NiRA ni àjọ tó ń bójú tó gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣojú tó fọwọ́ sí ni èèyàn ti ń rà á, ọdọọdún ni a sì ń sanwó rẹ̀. Orúkọ tí mo yàn kúrú, kò ní àmì ohùn tàbí àmì ìdàpọ̀, èèyàn sì lè pè é lórí fóònù kí ẹni tó wà lódì kejì kọ ọ́ láìṣì í. Ohun kan tí mo dúró lé gidigidi ni pé orúkọ mi àti ímeèlì mi ni mo fi forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó bá mi ṣe ìkànnì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóòótọ́ èèyàn ni. Ẹni tí orúkọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ìkànnì. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó lọ sí ìlú mìíràn tàbí tó gbàgbé láti sanwó, gbogbo iṣẹ́ yòókù lè di òfo.

WordPress, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ni a fi kọ́ ọ, nítorí ọ̀fẹ́ ni, mo sì lè fúnra mi yí iye owó padà láti orí fóònù. Ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń jẹ́ kí àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https kò ná wa ní nǹkan kan, torí àjọ kan tó ń jẹ́ Let’s Encrypt ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù níbẹ̀ ni ti fọ́tò. Fọ́tò tí fóònù ń yà lè wúwo tó megabáìtì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò wá ń lò, dátà sì ti di ohun tí kálukú ń ṣọ́ ná. Mo gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú Squoosh, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà, mo dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, mo sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó máa ń fúyẹ́, kò sì sí èyí tó ju kilobáìtì 150 lọ mọ́. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìkànnì náà wò nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ láàárín Kabba àti Obajana, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ tó sì máa ń bọ̀. Ojú ìwé iye owó ṣí, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti dára tó.

Bọ́tìnì tó ń gbé èèyàn lọ sí WhatsApp wa ni mo fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn: èèyàn á kọ https://wa.me/, á kọ 234 tẹ̀ lé e, á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ láìfi òdo ìbẹ̀rẹ̀ sí i, láìsí àlàfo, láìsí àmì ìròpọ̀. Tí a bá tún fi ?text= sí ẹ̀yìn rẹ̀, a lè kọ ọ̀rọ̀ tí yóò ti wà nílẹ̀ de oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ti ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà bí ìwé bá ti wọlé ni àbúrò mi ti ń mọ̀ bóyá ojú ìwé kajú aláìníyọ̀ ni ẹni náà ti ń bọ̀ tàbí ti èyí tí a ń tà ní páálí. Mo tún yan fọ́tò kan tó máa ń yọ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi àdírẹ́sì wa ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú èyí níyànjú pé kó má fojú fo ibẹ̀, torí àdírẹ́sì tí kò bá gbé àwòrán kankan wá máa ń dà bí ti gbájúẹ̀ lójú àwọn àgbàlagbà wa.

Nígbà tó wá di ti ìpolówó, Google Business Profile ni mo kọ́kọ́ kọjú sí, torí òun ló ń mú kí ilé iṣẹ́ yọ lórí àwòrán ilẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń wá kajú ní Kabba. Wọ́n ní kí n ya fídíò láti fi hàn pé iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, mo fi pátákó wa hàn, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì fi ibi tí a ti ń yan kajú àti ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́ ọ hàn, láìgé e. Ilé wa kò ní nọ́ńbà, bí ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ Google ń fún ibi gbogbo ní Plus Code, ìyẹn àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n ṣírò láti inú ibi gan-an tí ojú ilẹ̀ náà wà láyé. Èyí ni mo kọ sí ìkànnì, tí mo sì kọ orúkọ ìta àti ilé ìjọsìn tó wà nítòsí mọ́ ọn, nítorí ọlọ́kadà kò lè fi Plus Code wá ilé.

Ọ̀rá tí a ń di kajú sí ni ìpolówó wa tó lágbára jù. Mo ní kí ẹni tó ń tẹ̀wé fún wa fi àmì QR sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì tẹ àdírẹ́sì náà sábẹ́ rẹ̀ gbàgà fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń lo QR. Kajú jẹ́ ohun tí èèyàn máa ń gbé sí àárín àlejò. Ẹni tó rà á lè máà wá wa mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá a jẹ ẹ́ lè wá wa. Lẹ́yìn èyí, mo kọ lẹ́tà sí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Abuja, ní Èkó àti ní Kàdúná, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ okun o,” ìkíni ilẹ̀ wa, mo sì gba àyè kí n tó fi àdírẹ́sì wa sí àárín ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún mi. Ẹni tó já wọ àárín àgbà láìgbàyè, ọjà rẹ̀ kì í níyì lójú wọn.

Àwọn kan kọ̀wé sí mi pé àwọn lè tà mí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún líǹkì, ìyẹn àdírẹ́sì wa tí wọ́n á fi sórí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn, tó máa gbé wa dé òkè Google. N kò gbà. Google kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ra líǹkì, ó sì lè tìtorí rẹ̀ ti ìkànnì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kì í fún oníbàárà ní ẹ̀bùn kó lè kọ̀wé yìn wá. Mo kàn ń bẹ ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn pé kó sọ ohun tó rí.

Mo so ìkànnì náà mọ́ Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ní ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni èyí pẹ̀lú, mo sì fi àtòkọ gbogbo ojú ìwé wa ránṣẹ́ síbẹ̀ kí Google lè mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ìkànnì wa tó yọ sí wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ń béèrè bí wọ́n ṣe lè mọ kajú tó ti pẹ́. Mo kọ ojú ìwé tuntun lórí rẹ̀: òróró tó wà nínú kajú máa ń kan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ á yí padà, adùn rẹ̀ á sì di kíkorò díẹ̀, torí náà kí èèyàn dé e pa mọ́ dáadáa ní ibi tí oòrùn kì í dé. Ojú ìwé yìí ló ń mú àwọn tí kò gbọ́ orúkọ wa rí wọlé jù lọ.

Nítorí Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023, mo dín ohun tí fọ́ọ̀mù wa ń béèrè kù sí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gáráàjì tí ẹni náà ti máa gba ẹrù. A kò nílò ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni láti ta kajú fún un.

Ní báyìí, ìbéèrè tuntun kan ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà: bóyá àwọn lè sanwó láti ọ̀hún kí a sì gbé ọjà náà fún ìyá wọn ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀. A lè ṣe é, a sì ti ń ṣe é fún àwọn tó bá pè wá. Ojú ìwé rẹ̀ ni mo ń kọ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kó ti wà níbẹ̀ kí kajú tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ní oṣù Kejì.