Ìwé Pélébé Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Yà Mí Ní Wèrè

Títí di òní ni inú ń bí mi sí lẹ́tà tí ilé-ìwé ọmọ mi fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó ń ti tábìlì ṣubú, ó ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, nítorí náà kí n sanwó tíṣà kan tí yóò máa jókòó tì í, àbí kí n mú un kúrò. Ọmọ ọdún 6! Owó tíṣà yẹn sì ju owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ.

N ò san kọ́bọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo gbé e lọ, níbí ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, torí ọmọ tí etí rẹ̀ dí díẹ̀, kíá ni wọ́n máa pè é ní olórí kunkun. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Olùdámọ̀ràn wá ní kí gbogbo ẹni tó ń tọ́ ọ nílé wá. Ọkọ mi kùn nítorí pàṣán tí wọ́n ní kó gbé tì. Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀ ti wé gèlè tán kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Èyí tí olùdámọ̀ràn ní ká máa ṣe nílé ò le. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ fún eré tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Àṣẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó sì ṣe kúkúrú. Bó bá ṣe dáadáa, kí a dárúkọ ohun tó ṣe gan-an, Màmá sì mọ èyí jù wá lọ: "Àkànní, o gbé àwo rẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. O káre, ọkọ mi." Ẹ wá wo bí orí ọmọ ṣe ń wú! Igbe tí kò nídìí, a kì í dá a lóhùn. Wọ́n ti kìlọ̀ pé yóò kọ́kọ́ le sí i kó tó rọlẹ̀. Ó le lóòótọ́.

Ti ilé-ìwé, ìwé pélébé kan tí olùdámọ̀ràn ní kí tíṣà máa fàmì sí, ló dà mí láàmú. Kí tíṣà kàn fàmì sí ohun méjì: ó jókòó títí iṣẹ́ fi parí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ra. Bó bá rí àmì gbà, òun ló máa yan oúnjẹ alẹ́. Tíṣà ní kí n rí ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó ni ilé-ìwé rìnrìn àjò. Ìyẹn dé, ó ní àwọn òbí yòókù á ní òun ń ṣojúsàájú. Àwọn tó tètè ráyè kọ iye owó sínú lẹ́tà o! Nígbà tí wọ́n gbà tán, "alágídí ni" ni wọ́n ń kọ síbi àmì. Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Ohun tó ṣe dáadáa la fẹ́ rí níbẹ̀, ẹ̀sùn kọ́.

Ọkọ mi, oníkùnsínú yẹn, ló tú u. Ó lọ bá tíṣà nígbà tí wọ́n jáde, ó rí i pé tíṣà yẹn nìkan ló ń kọ́ gbogbo kíláàsì. Wọ́n jọ tún ìwé náà yà: fàmì kan kí wọ́n tó lọ ṣeré, òmíràn kí wọ́n tó relé, kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ. Látìgbà náà ló ti ń lọ déédéé. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Tábìlì ṣì ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá tún un ṣe, ọ̀dọ̀ tíṣà kíláàsì ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá ètò tó ń kọ́ òbí ní ọmọ títọ́, Parenting for Lifelong Health, tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) àti UNICEF lọ́wọ́ sí. Ó ní ti òbí ọmọ ọdún 2 sí 9, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé rẹ̀.