Kí n tó ta ọkọ̀ ẹja mi: ohun tí mo tún ṣe, àti èyí tí mo fi sílẹ̀

Ọkọ̀ alumíníọ̀mù ẹsẹ̀ bàtà 14 ni, irú èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní jon boat ní Texas níbí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa ẹja nínú rẹ̀ lórí Lake Livingston. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ọkọ̀ onígi ni bàbá mi ní, òwú àti ọ̀dà dúdú ló sì fi ń dí ibi tó bá ń jò, nítorí náà mo gbà pé mo mọ ọkọ̀ dáadáa kí n tó ra tèmi. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ẹni tó tà á fún mi ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ó ń dán bí ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó tuntun. Ọjọ́ kejì tí mo gbé e sómi, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Agolo mílíìkì ni mo fi ń gbọ́n omi títí mo fi dé èbúté. Nígbà tí mo họ ọ̀dà náà kúrò, mo rí i pé silikóònì tí wọ́n ń lò nílé ìwẹ̀ ni wọ́n fi bo rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tó so páànù ọkọ̀ pọ̀) mọ́kànlá.

Nítorí náà, nígbà tí orúnkún mi ní ó tó gẹ́ẹ́, tí mo fẹ́ tà á, mo ti pinnu pé ojú ẹni tó bá fẹ́ rà á ni a ó ti bu omi sínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ọjọ́ yẹn ni mò ń palẹ̀ mọ́ fún.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kúrò: kápẹ́ẹ̀tì, bátìrì, àti páálí ìwọ̀ tí ẹ ti gbàgbé sábẹ́ ìjókòó láti ìgbà Covid. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Fínígà funfun máa ń bó ìlà eérú tí omi adágún fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ má fi àwọn ásíìdì tí wọ́n ń tà fún dídán alumíníọ̀mù ṣeré o. Hydrofluoric acid wà nínú òmíràn, ó sì máa ń gba inú awọ lọ bá egungun.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó wà lórí tírélà rẹ̀ (mi ò sọ tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì o, èyí kékeré tí mọ́tò ń wọ́ ni), kí ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa wo ìta. Ibi tí omi bá ń gbà jáde náà ni yóò máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n omi wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi fẹ̀ tó ínǹṣì 36. Bí omi bá ga ní ínǹṣì 3 péré káàkiri inú rẹ̀, ó ti lé ní 600 pọ́n-ùn, bíi garawa 15 tó ń gba gálọ́ọ̀nù 5. Ẹrù bẹ́ẹ̀ lè tẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọnú. Èmi fi jáàkì gbé imú tírélà sókè, omi díẹ̀ wọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀, mo yẹ ibẹ̀ wò. Mo wá sọ imú náà kalẹ̀ títí omi fi wọ́ wá síwájú, mo yẹ iwájú náà wò.

Kí n tó bu omi rárá, mo ti nu ìta gbẹ, mo sì ti lẹ pọ́dà ọmọdé mọ́ gbogbo ìlà rífẹ́ẹ̀tì. Ibi tí pọ́dà bá ti tutù tó ṣú, ibẹ̀ ló ń jò, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Wákàtí méjì ni mo fi dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má kánjú níbí, nítorí òmíràn kì í jò àyàfi tí omi bá ti dúró lé e lórí fún bí wákàtí kan. Mẹ́sàn-án ni mo rí: méje jẹ́ rífẹ́ẹ̀tì, méjì jẹ́ ojú ibi tí páànù méjì ti so pọ̀.

Rífẹ́ẹ̀tì tó kàn dẹ̀ díẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Ẹ lù ú padà. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, á fi irin wíwúwo ti orí rífẹ́ẹ̀tì níta gbọin-gbọin. Ẹnì kejì á wà nínú ọkọ̀, á máa fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi fẹjú tí yóò sì dì mọ́ páànù. Ọmọ mi ọkùnrin ló di irin mú fún mi. Àṣé ẹni tó di irin mú gan-an ni ọ̀gá iṣẹ́. Bí irin bá yẹ̀ báyìí, òòlù inú ọkọ̀ á kàn ti rífẹ́ẹ̀tì jáde ni, ihò rẹ̀ á sì fẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jágbe mọ́ ọmọ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń lù kó tó fìdí irin múlẹ̀. A wá fẹnu kò: ó máa kan páànù lẹ́ẹ̀mejì láti ìsàlẹ̀, èmi á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ìyá rẹ̀ yọjú sí gáréèjì, ó ní ṣé eégún ló fẹ́ jáde ni.

Mẹ́rin gbọ́ràn. Mẹ́ta kọ̀, ihò wọn ti fẹ̀ jù. Àwọn yẹn ni mo fi dírìlì yọ orí wọn, tí mo fi tuntun sí. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí: rífẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa rí nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ bí ìbọn fà, ihò wà láàárín rẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tí ìdí rẹ̀ dí pa ni kí ẹ bèèrè fún, closed-end ni wọ́n ń pè é, kó sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí ẹ bá fi rífẹ́ẹ̀tì irin sára alumíníọ̀mù, tí omi wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù yẹn ni yóò jẹrà. Mo fi gọ́ọ̀mù 3M 5200 ra ihò kọ̀ọ̀kan kí n tó fà á. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń tó ọjọ́ márùn-ún sí méje kó tó gbẹ tán, nítorí náà ẹ má ṣe é nígbà tó bá ku ọ̀la kí oníbàárà dé.

Ojú páànù méjì tó ń jò ni mo lo Gluvit fún, epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tó ń ṣàn wọ inú ìlà tóóró. Inú ni wọ́n ń fi í sí, kì í ṣe ìta. Ẹ fi sáńpépà họ ibẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ nu ún, kó gbẹ pátápátá. Bí epo tàbí silikóònì àtijọ́ bá kù síbẹ̀, asán ni gbogbo làálàá yín.

Pákó ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì gbé kọ́, ni oníbàárà tó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ dì mú. Á mi ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn. Bí pákó bá ń yọ́ lábẹ́ rẹ̀, á dín $500 lójú ẹsẹ̀. Tèmi ti rà bí iṣu tó pẹ́ nínú omi. Pílááwúùdù méjì tó nípọn tó ¾ ínǹṣì ni mo lẹ̀ pọ̀, mo fi ògbólógbòó náà wọn ọ́n, mo gé e, mo sì fi epoxy kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, pàápàá ẹnu ihò bóòtì. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pákó fẹ́ ta èyí tí wọ́n ti fi oògùn rẹ fún mi, ó ní kò ní jẹrà láéláé. Òótọ́ ni, pákó ò ní jẹrà. Ṣùgbọ́n bàbà ló wà nínú oògùn yẹn, bàbà sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù bí ikán ṣe ń jẹ ìwé. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi ọ̀dà oníbàbà kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yìí.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, Yamaha 15 two-stroke ni, àbúrò Yamaha 40 tí gbogbo apẹja Ẹ̀pẹ́ mọ̀. Mo pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, mo tú kabúrétọ̀ fọ̀, mo sì fi rọ́bà tuntun sínú pọ́ọ̀ǹpù omi rẹ̀, nítorí oníbàárà máa wo okùn omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé, sílì ti bàjẹ́. Tí ẹ bá ń rọ tuntun, láti ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún un wọlé títí yóò fi yọ lókè, kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀.

Tírélà: gírísì sínú bíárìn, iná tuntun, táyà tí kò tíì sán. Ó parí.

Ọ̀dà ńkọ́? Mi ò kùn ún. Ọ̀dà tuntun lórí ọkọ̀ àtijọ́ máa ń mú kí n bèèrè ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀, ẹ sì mọ ìdí. Tó bá wù yín láti kùn ún ṣá, self-etching primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó máa ń jẹ wọ ara irin, ni kó ṣáájú, lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fi sáńpépà họ ọ́, nítorí kíákíá ni alumíníọ̀mù máa ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ (oxide tó máa ń bò ó) padà tí ọ̀dà kò fi ní dì mọ́ ọn. Ẹ má kun nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 12 tó wà ní ìdí ọkọ̀ lápá ọ̀tún pa. Òun ni ìwé ìbí ọkọ̀. Ẹ má kun páálí irin tó sọ iye èèyàn tó lè gbé náà pa.

Ìwé ló máa ń ba ọjà jẹ́. Ní Texas, ìwé ọkọ̀ yàtọ̀, ìwé ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, Texas Parks and Wildlife ló ń fún ni ní méjèèjì; fọ́ọ̀mù PWD 143 ni ti ọkọ̀, PWD 144 ni ti ẹ́ńjìnnì. Ti tírélà tún wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì owó orí káúńtì. Ẹ wá gbogbo rẹ̀ jáde kí ẹ tó ya fọ́tò kankan.

Gbogbo ìnáwó mi jẹ́ $263. Ìparí oṣù kejì ni mo gbé e síta, nígbà tí ẹja white bass ń gòkè odò Trinity tí ọwọ́ àwọn èèyàn ń yún. Lóṣù kọkànlá, àgbọ̀nrín ni wọ́n ń lé nínú igbó, ẹni kankan ò ní pè yín.

Bàbá kan láti Cleveland, Texas níbí, ló wá pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó rí i pé ó tutù kí n tó fa okùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fà á ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo wá na rọ́bà omi sí i, mo ní kó bu omi sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ó ṣí omi. Àwa mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ náà ní òun rí ìkán omi kan. Àyà mi já. Òógùn ara mi ni, ó ń kán látiwájú orí mi. $2,600 ni mo pè é, ó san $2,350, ó sì bèèrè bóyá agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ ìjókòó wà lára ọjà. Mo ní rárá, tèmi nìyẹn.