Ikọ́ ọyẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ mi, àti wàhálà tí mo rí kí n tó rí oyin gidi rà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó tó bọ́ lọ́wọ́ mi, torí òun gan-an ló ṣì ń dùn mí. Ikọ́ lásán ni o. Ikọ́ ọyẹ́ tó máa ń mú tọmọdé tàgbà n'Ìbàdàn níbí, tí eruku bá ti gba gbogbo ojú ọ̀run, tí ètè ń bó, tí imú ń gbẹ. Mo yà ní kẹ́mísì kan nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní nǹkan tí màá lò sí ikọ́ gbígbẹ, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò bi mí ní ìbéèrè kankan, ṣe ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn jọ síwájú mi: sírọ́ọ̀pù ìgò kan, amoxicillin páálí kan, fítámìn C, pẹ̀lú hóró funfun kéékèèké kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí i lára. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ ṣáà máa lò ó mà, ó máa gbé e lọ." ₦9,200 ni gbogbo ẹ̀. Fún ikọ́!

Tíṣà ni mí, ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. JSS 2 ni mò ń kọ́, kíláàsì yẹn kún dẹ́nu, téèyàn ò bá gbóhùn sókè àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Kí n tó sọ gbólóhùn méjì ikọ́ á ti gbà á lẹ́nu mi, àwọn ọmọ á máa ní "sọ́rì mà, sọ́rì mà". Sírọ́ọ̀pù yẹn, oorun nìkan ló mọ̀ ọ́n fún èèyàn. Mo lò ó láàárọ̀, kí píríọ́dù kejì tó parí ojú mi ti ń pàdé. Ìgbà tó wá dalẹ́ tó yẹ kí n sùn, kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, màá wúkọ́ títí ìhà á fi máa dùn mí. Ọkọ mi gbé pílò ẹ̀, ó gba pálọ̀ lọ.

Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo wá pè. Bí mo ṣe ka orúkọ àwọn oògùn yẹn fún un tán, ó pariwo. Ó ní, "Ta ló ní kó o ra amoxicillin? Irú ikọ́ tó ń tẹ̀lé ọ̀fìnkìn yìí, báírọ́ọ̀sì ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà, amoxicillin ò sì rí nǹkan kan ṣe sí báírọ́ọ̀sì, bakitéríà ló wà fún. Má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá yẹn, gbé e sọnù." Ó ní irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà míì kó tó lọ fúnra ẹ̀, pé ohun tí mo nílò ni nǹkan tó máa tu ọ̀fun mi lára kí n lè sùn. Oyin. Mo ní oyin bawo, ṣé ti ìyá wa àgbà náà ni? Ó ní òun náà ni, pé lọ́dún 2018 àjọ NICE tó ń júwe ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní Ìlú Ọba sọ ọ́ jáde pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ikọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kọ́kọ́ fi oyin gbìyànjú, pé kì í ṣe gbogbo ikọ́ lèèyàn ń kọ antibáyótíìkì bíi amoxicillin sí. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí ìyá àgbà mi ń fi ṣíbí bù sí wa lẹ́nu ní abúlé láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo gbé amoxicillin tí mi ò tíì tú rárá padà lọ sí kẹ́mísì yẹn, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà padà. Ó dáa. Mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn tó kù nínú nǹkan tí mo ṣe, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn torí kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kọ́ọ̀pù kan, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, ẹ gbé e sọ́nà ọ̀fun, ẹ gbórí sókè kí ẹ jẹ́ kó hó níbẹ̀, ẹ tu ú dànù, ẹ má gbé e mì. Ata ilẹ̀ tí mo gún, tí mo sè, tí mo rọ sínú fláàsì tí mò ń gbé lọ sí kíláàsì. Orógbó lápò báàgì. Gbogbo ìyẹn ò gba wàhálà kankan. Oyin ló gbà mí ní wàhálà, oyin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Oyin àkọ́kọ́, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ní ẹ̀bá ọjà Bódìjà ni mo ti rà á. Ó gbé afárá lé orí abọ́, kòkòrò oyin méjì mẹ́ta ṣì ń rìn lórí ẹ̀, ta ni ò ní gbà pé oyin ìgàn ni? Ó tún ní òun máa dán an wò lójú mi. Ó ti orí ìṣáná bọ inú oyin, ó fà á yọ, ó ṣá a lára páálí, iná sọ. Ó ní, "Màmá, ẹ ti rí i, tó bá ní omi nínú kò ní jó." Ó bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà nítòsí, ó kán oyin sínú ẹ̀, ó rì lọ tààrà sísàlẹ̀ láì túká. Mo san ₦4,500 fún ìgò kan. Mo délé, mo tọ́ ọ wò. Dídùn wà níbẹ̀ o, àmọ́ dídùn nìkan ni, kò ní òórùn òdòdó, kò ní òórùn igbó, ohun tó ń ta sí mi nímú ni ṣúgà tí wọ́n sè tí ìdí ẹ̀ jó díẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí torí wọ́n ti fi ìṣáná yìí jẹ owó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣúgà tí wọ́n bá sè títí tó fi ki, omi inú òun náà ti dínkù, ìṣáná á jó níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kán òun náà sínú omi, á rì, torí ó wúwo ju omi lọ. Ohun tí wọ́n ń fi hàn yín kò ju pé nǹkan yẹn ki, kò sọ fún yín bóyá kòkòrò ló ṣe é àbí ìkòkò. Afárá tó wà lórí abọ́ ńkọ́? Afárá yẹn lè jẹ́ gidi, kí èyí tó wà nínú ìgò máà bá a tan rárá. Ọmọ àdúgbò wa kan tún ní kí n da díẹ̀ sílẹ̀, pé èèrà kì í lá oyin gidi. Irọ́ nìyẹn náà, èèrà ń lá oyin, mo ti rí i.

Oyin kejì, orí WhatsApp ni. Obìnrin kan máa ń gbé e sí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀, ìgò tó rẹwà, lébẹ́ẹ̀lì tó ń dán, "oyin ìgàn 100%". ₦7,000, mo tún san ₦1,500 fún ọlọ́kadà tó gbé e wá. Mo ṣí i, ó ṣe ṣììì, ìfòfó yọ sókè, òórùn ẹ̀ wá dà bí ẹmu àná. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní oyin gidi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé agbára ẹ̀ ló ń yọ yẹn. Agbára kẹ̀! Oyin tó dáa, òfin ọjà oúnjẹ lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní Codex sọ pé omi inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 20 nínú 100 lọ, torí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ó máa ń kan, yálà wọ́n yára kórè ẹ̀ kí àwọn oyin tó bo ojú afárá, tàbí wọ́n bu omi là á. Èwo nínú méjèèjì ni tirẹ̀? Mi ò ráyè bèèrè, torí bí mo ṣe ní kó dá owó mi padà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn oníbàárà bíi tèmi ni kì í jẹ́ kí òwò gbèrú, ló bá bílọ́ọ̀kì mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wúkọ́, inú ń bí mi, ikọ́ tún ń pọ̀ sí i. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: owó kẹ́mísì, owó Bódìjà, owó WhatsApp, owó ọlọ́kadà, ó ti lé ní ₦22,000, mi ò sì tíì fi oyin kan ọ̀fun.

Tíṣà ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ọmọ Ìgbòho ni, òun ló gbà mí. Ó bá mi nínú sítáfù rúùmù níbi tí mo ti di àyà mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀gbọ́n mi ń sin oyin nílé." Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, oyin ò wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ mo ní láti dúró títí dìgbà tó máa lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ìgò omi tí wọ́n ti lò rí ló fi gbé e wá, kò sí lébẹ́ẹ̀lì, ó dúdú, hóró ìda ń léfòó lórí ẹ̀, apá kòkòrò oyin kan wà níbẹ̀. Mo ṣí i, òórùn èéfín àti òdòdó gba gbogbo kíṣìnì. Mo tọ́ ọ wò, ó rọra ta mí lọ́fun díẹ̀ lẹ́yìn dídùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti dé ibẹ̀.

Ẹ wá wò ó, wàhálà ò tíì tán. Òtútù ọyẹ́ mú gan-an mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ìdí ìgò yẹn ti dì, ó funfun, ó ń ṣe hóró-hóró. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣúgà rèé o. Wọ́n tún ti lù ẹ́ ní jìbìtì." Mo ní, "Rárá o, mà, ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ojúlówó oyin ń dì. Oríṣi ṣúgà méjì ló pọ̀ jù nínú oyin, glucose àti fructose, glucose yẹn ló máa ń dì tí ojú ọjọ́ bá tutù, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dà á mọ́ ọn. Mo bu omi gbígbóná tí ọwọ́ gbà sínú abọ́, mo gbé ìgò náà sínú ẹ̀, mi ò gbé e sórí iná torí iná máa ń ba adùn ẹ̀ àti òórùn ẹ̀ jẹ́. Mò ń yí i díẹ̀díẹ̀. Hóró yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, ó ń mọ́ lọ, títí gbogbo ẹ̀ fi padà di pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo fi ṣíbí bù ú fún màmá. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí n bu tiwọn sọ́tọ̀. Inú mi dùn jọjọ, mi ò ní tàn yín.

Bí mo ṣe lò ó ò le. Ṣíbí tíì kan tó kún tí mo bá fẹ́ sùn, mo jẹ́ kó rọra ṣàn lọ lọ́nà ọ̀fun, mi ò mu omi tẹ̀lé e. Láàárọ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, mo po oyin mọ́ ọn. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó yẹn, mo sùn di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ikọ́ yẹn ò lọ lójú ẹsẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín, àmọ́ yíyún ọ̀fun yẹn rọ̀, ohùn mi padà, ọkọ mi gbé pílò ẹ̀ padà wá, ikọ́ náà wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí mi ò fi rántí ẹ̀ mọ́.

Aládùúgbò wa tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ rí sírọ́ọ̀pù mi lórí tábìlì, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun fún ọmọ òun. Mo ní ó tì o. Sírọ́ọ̀pù àgbà kọ́ ni èèyàn ń bù fún ọmọ. Ṣé a ti gbàgbé oògùn eyín ọmọdé tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà níbí lọ́dún 2008 sí 2009, nítorí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol tó wà nínú ẹ̀? Lọ́dún 2022, ọmọ bí 70 ló kú ní Gáńbíà lọ́nà tó jọ ọ́, sírọ́ọ̀pù ikọ́ ni wọ́n fún wọn. Ó ní ó dáa, kí n bu oyin fún un nígbà náà. Mo bèèrè pé ọmọ oṣù mélòó ni, ó ní mẹ́jọ. Mo ní oyin náà ò ṣe é fún un! Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún kan, a kì í fi oyin kan ẹnu ẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ojúlówó, kòkòrò àrùn kan wà tó lè wà nínú oyin tí ìfun ìkókó ò lè bá jà, àìsàn botulism ló ń fà, ó le gan-an. Mo ní kó gbọ́mọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ó sì gbọ́. Kẹ́ni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà rántí pé ṣúgà ni oyin.

Ti bàbá onílé wa ńkọ́? Wọ́n wúkọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sí àgbo tí wọn ò mu, orógbó ò kúrò lẹ́nu wọn. Àǹtí mi yẹn ló bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lisinopril. Ó ní kí wọ́n padà lọ bá dókítà wọn, torí oògùn yẹn máa ń fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ. Dókítà pààrọ̀ ẹ̀ sí òmíràn, ikọ́ lọ. Kẹ́nì kankan má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra ẹ̀ o, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ikọ́ tó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, àbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tí èèyàn ń rù, tó ń làágùn lóru, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyin mọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò TB, ìyẹn ikọ́ ife, ní ọsibítù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀. Tèmi náà ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kí oyin Ìgbòho tó dé, àǹtí mi ti ń sọ pé òun máa wá mú mi lọ.

Mo ti fún tíṣà yẹn lówó gálọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kórè jù, mo sì ti sọ fún un pé inú ìgò omi náà ni kó máa bá mi rọ ọ́ sí, mi ò fẹ́ lébẹ́ẹ̀lì kankan.