Bí mo ṣe fi gbòǹgbò àlùbọ́sà wo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ní Ilé-Ifẹ̀

Àlùbọ́sà pupa mẹ́fà ni mo rà ní Sábó, kì í sì í ṣe àwọn tó tóbi. Èyí tí ẹnu ife lè gbé dúró ni mo ṣà, tó le nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tí ìdí rẹ̀ gbẹ, tí kò sì tíì hu ewé lórí. Èyí tó ti hu ewé ti ná oúnjẹ inú rẹ̀ sókè, gbòǹgbò rẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ rọ̀ á rà sínú omi kí ọjọ́ kejì tó pé, òórùn rẹ̀ á sì lé èèyàn jáde. Mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Méjì yòókù wà fún èyí tó bá kọ̀ tí kò hù.

Mo fẹ́ rí sẹ́ẹ̀lì níbi tó ti ń pín, kí n kà á, kí n sì fi oògùn dá àwọn kan dúró lójú ọ̀nà. Àlùbọ́sà ni mo mú nítorí pé krómósómù rẹ̀, àwọn òwú inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá, kò ju 16 lọ, wọ́n sì tóbi. Ti èèyàn jẹ́ 46, wọ́n sì kéré sí tirẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ yìí bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló máa ń dá maikirosíkóópù lẹ́bi. Inú ife omi ló ti bàjẹ́. Gbòǹgbò gbígbẹ àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí àlùbọ́sà. Mo fi ẹnu bíléèdì họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí funfun abẹ́ rẹ̀ fi hàn yípo bí òrùka. Ara òrùka yẹn ni ojú gbòǹgbò tuntun wà. Bí bíléèdì bá wọlé jù, ó ti gé ojú náà dànù, ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yẹn sì ti parí. Mo gún igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé e lé ẹnu ife, mo sì bu omi débi tó kàn kan ìdí rẹ̀. Bí omi bá mù ún dé ìbàdí, yóò rà. Omi ẹ̀rọ ni mo lò, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú abọ́ tí kò ní ìdérí, kí kilorínì inú rẹ̀ lè fò lọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí gbòǹgbò ń mí: bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú omi, orí gbòǹgbò á pọ́n bíi ìpẹ́pẹ́ igi, sẹ́ẹ̀lì kankan kò sì ní pín níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, gbòǹgbò ti gùn tó sẹ̀ńtímítà kan sí méjì. Bí ọyẹ́ bá mú, ó lè lé ọjọ́ kan sí i.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí omi yẹn ṣe gan-an. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé pín. Ìpele mẹ́rin ló ń rìn: G1, níbi tó ti ń dàgbà, S, níbi tó ti ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ (ohun tí àbùdá wà lára rẹ̀ nínú krómósómù), G2, níbi tó ti ń kó ohun èlò jọ, àti M, ìpín gan-an. Oníbodè wà lójú ọ̀nà náà. Ọ̀kan wà ní ìparí G1, ó ń bèèrè bóyá oúnjẹ, omi àti àṣẹ ìdàgbà wà nílẹ̀. Ìkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà M, ó ń bèèrè bóyá DNA ti di méjì tán, bóyá kò sì já níbì kankan. Ìkẹta wà nínú M fúnra rẹ̀: kò ní jẹ́ kí krómósómù pín yà títí gbogbo wọn yóò fi so, láti ìhà méjèèjì, mọ́ okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fà wọ́n yà. Nínú àlùbọ́sà gbígbẹ tó wà lórí àtẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ojú gbòǹgbò wà lọ́dọ̀ oníbodè àkọ́kọ́, wọ́n ń dúró. Omi ló jẹ́ kí ó ṣí ọ̀nà fún wọn.

Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ àwọn oníbodè yìí ni ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní CDK. Kò lè dá nǹkan ṣe àfi bí pùròtéènì kan, sáíkílìn, bá wá dì mọ́ ọn. Sáíkílìn á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ìpín bá ti fẹ́ parí, sẹ́ẹ̀lì á fọ́ ọ túútúú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìrìn tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Tim Hunt ló rí èyí ní 1982 nínú ẹyin ẹranko òkun kan tó ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀. Inú ìwúkàrà ni Leland Hartwell àti Paul Nurse ti ṣe iṣẹ́ tiwọn lórí ìrìn sẹ́ẹ̀lì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ẹ má gbàgbé sáíkílìn yìí, a ó tún bá a pàdé nídìí oògùn.

Oògùn náà ni colchicine. Mo wọn mílígíráàmù 50 sínú mílílítà 100 omi, ìyẹn 0.05%, mo gbé àlùbọ́sà méjì lé e fún wákàtí mẹ́ta, méjì yòókù sì wà nínú omi lásán. Májèlé ni o. Ìbọ̀wọ́ ni mo fi mú un, ife tí mo lò kò sì padà sí ilé ìdáná. Ohun tí colchicine ń ṣe ni pé ó ń di bíríkì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ okùn rẹ̀ mú, okùn kò sì ní lè dúró. Nígbà tí kò sí okùn, oníbodè kẹta kò ní ṣílẹ̀kùn, àṣẹ tó yẹ kó fọ́ sáíkílìn kò ní jáde, krómósómù 16 á sì dúró kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá rẹ̀ méjì. Ẹ má fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Sẹ́ẹ̀lì kì í dúró títí láé. Á jáde ní M láì pín, pẹ̀lú krómósómù 32, orí gbòǹgbò á sì wú bí orí ìṣáná.

Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀ ni mo gé gbogbo gbòǹgbò. Oníkálukú ló ní aago tó gbà pé ó dára jù. Èyí tí mo dì mú ni pé kí a gé ti omi àti ti oògùn lásìkò kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò mọ̀ bóyá oògùn là ń fi wé ara tàbí aago. Bí mo ṣe ń gé e ló ń bọ́ sínú omi ìpa, èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì lójijì kó lè dúró bó ṣe wà: ethanol ìdá mẹ́ta sí áásìdì acetic ògidì ìdá kan. Ọjọ́ tí a ó lò ó ni kí a pò ó. Tí ó bá pẹ́, méjèèjì á máa jẹ ara wọn, òórùn rẹ̀ á yí padà bíi ti àsítóònù tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, kò sì ní pa sẹ́ẹ̀lì lójijì mọ́. Wákàtí 24 ló lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kó o sínú ethanol 70%. Nínú ìyẹn, bí iná bá lọ tí fíríìjì kú, gbòǹgbò náà kò ní bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tó gba ọwọ́ jù nìyí. Ohun kan tó ń lẹ̀ bí àtè ló so sẹ́ẹ̀lì ewéko pọ̀ mọ́ra, ó sì gbọ́dọ̀ yọ́ kí a tó lè tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. Áásìdì hydrochloric 1 M (M yìí jẹ́ ìwọ̀n bí áásìdì ṣe ki tó, kì í ṣe ìpele M) ni mo fi yọ́ ọ: mílílítà 8.3 láti inú ìgò 37%, mo dà á sínú omi bíi 80, mo sì fi omi kún un dé 100. Áásìdì là ń dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú áásìdì. Mo ti kọ́kọ́ ṣan gbòǹgbò lómi, mo wá gbé e sínú áásìdì tó gbóná dé 60 °C, fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì á wà ní ìdìpọ̀, ọ̀kan á gun orí èkejì. Bí ó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò á fọ́ mọ́ fọ́ọ̀sẹ́ẹ̀pù, aró kò sì ní mú dáadáa mọ́ nítorí DNA ti ń já dànù. Tẹmómítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ìka ọwọ́.

Lẹ́yìn tí mo ṣan áásìdì kúrò, mo rẹ ẹ́ sínú aró orcein 2% fún ìṣẹ́jú 20. Níbí ni gbòǹgbò ti ń fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn fúnra rẹ̀: mílímítà kan sí méjì níparí rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú, ìyókù kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kéré, núkílíọ́sì wọn, àpò tí krómósómù wà nínú rẹ̀, tóbi, ìdí nìyẹn tí aró fi pọ̀ níbẹ̀. Apá dúdú yẹn nìkan ni mo gé sórí sílaídì. Ẹni tó bá gbé odindi gbòǹgbò síbẹ̀ yóò rí sẹ́ẹ̀lì gígùn tó ti fẹ̀yìn tì, yóò sì máa wí pé àlùbọ́sà òun kì í pín.

Mo kán áásìdì acetic 45% ẹ̀kán kan lé e, mo fi abẹ́rẹ́ gún un wẹ́wẹ́, mo fi gíláàsì pélébé bò ó. Mo fi ìdí pẹ́ńsù kan an ní òòró bíi ogún ìgbà títí ó fi tàn ká bíi kùrukùru. Lẹ́yìn náà mo ká tíṣù lé e, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ó bá yẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á ká bí ẹní. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì lẹ etí rẹ̀ kó má bàa gbẹ.

Lẹ́ńsì 10 ni mo fi wá ibi tó dára, 40 ni mo fi kà, 100 pẹ̀lú òróró ni mo fi wo krómósómù. Èyí tó pọ̀ jù kò ṣe nǹkan kan tó hàn lójú: núkílíọ́sì rogodo, tó rí yanrìnyanrìn. Àwọn tó ti di òwú tó ká jọ ni próféèsì. Àwọn tó tò sáàárín ni métáféèsì, àwọn tó ń fa ara wọn lọ sí ìhà méjì bí ìka ọwọ́ tó ṣí ni ánáféèsì, àwọn tó ti di ìdìpọ̀ méjì tí ògiri ń yọ láàárín wọn sì ni tẹ́lóféèsì. Mo ka 1,000 sẹ́ẹ̀lì láti orí gbòǹgbò mẹ́ta, mo sì ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kan kí n tó sún sílaídì. Ẹni tó bá ń yan ibi tó rẹwà ń tan ara rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní 90 nínú 1,000 ló ń pín, 9% nìyẹn. Bí odindi ìrìn sẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ wákàtí 20, M gba wákàtí 1.8. Tí 50 nínú 90 yẹn bá jẹ́ próféèsì, wákàtí kan gbáko ni próféèsì ń gbà. Ìpele tó bá pẹ́ ni a máa ń bá sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀ jù, bí ó ṣe jẹ́ pé mọ́tò tó dúró pẹ́ jù ní gáréèjì Lágéré ni ẹni tó ń kọjá máa rí jù.

Lórí sílaídì colchicine, n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ánáféèsì. Métáféèsì ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò tò sáàárín: krómósómù náà kúrú, wọ́n ki, wọ́n fọ́n káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, apá méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan là síta bíi lẹ́tà X. Níbẹ̀ ni mo ti kà wọ́n. Ó gbà mí ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kí n tó rí èyí tí ọ̀kan kò gun èkejì nínú rẹ̀, tí 16 pé síbẹ̀ láìkù síbì kan.