Bí ẹ ṣe lè tún tírígà ìbọn ọdẹ ṣe

Ẹ̀yin ọdẹ Òṣogbo, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, ẹ kó gbogbo ọta kúrò, ẹ yọ bolt (irin tó ń ti ọta wọlé, tó sì ń dé ẹ̀yìn ihò ọta) jáde, kẹ́ ẹ wá ki ìka bọ ihò ọta bóyá ọ̀kan ṣì fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ tú igi ìbọn, síkúrù tírígà wà lábẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí i, kẹ́ ẹ máa fi síkéèlì wọn bí agbára tẹ́ ẹ fi ń fa tírígà ṣe tó, pọ́n-ùn 3 sí 4 ti tó fún igbó jàre, ẹ má jẹ́ kó fúyẹ́ jù. Tẹ́ ẹ bá dì í tán, tẹ́ ẹ sì ti dá bolt padà, ẹ kọ́ ọ láìsí ọta, ẹ fi hámà onírọ́bà gbá ìdí ẹ̀, tó bá já fúnra ẹ̀, ẹ yí síkúrù padà sẹ́yìn kí tírígà tún le díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ síkúrù ẹ̀ pa láti ilé iṣẹ́, èmi ò kí ń dán an wò, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni mò ń gbé e fún.